Ṣé kí á yọ pùròpélà iwájú Land Cruiser àtijọ́ ni, àbí kí á tún oríkèé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣe?

Ọmọ Olúmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ fẹ́ràn ọkọ̀ àgbà. Land Cruiser 80 ti ọdún 1994 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì onílítà 4.5 tí ó ń lo epo bẹntiróòlù, mo sì rà á ní ọdún 2019 lọ́wọ́ bàbá kan tí ó ń gbé e lọ sí oko. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ó ti ń dún tá-tá-tá nígbàkigbà tí mo bá yí sítíárìn dé òpin, pàápàá ní apá òsì, gírísì dúdú kan tí ó ti ki bí ọbẹ̀ ilá sì ń jò sí ara ríìmù láti inú wá. Mẹkáníìkì mi ní kí n má fowó ṣòfò: òun yóò yọ pùròpélà iwájú, ọ̀pá tí ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, kúrò, òun yóò tẹ bọ́tìnì tí ó ń ti dífù àárín (gíà tí ó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) pa, ọkọ̀ yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan rìn. Ó ní ariwo yóò lọ, epo tí ó ń mu yóò sì dín kù. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo sì ń gbé e lọ sí oko mi ní ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Èmi fúnra mi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ tí mo sì ń yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ṣé ìmọ̀ràn yìí dára?

Ọ̀gá Sípánà

Mẹkáníìkì rẹ kò parọ́ fún ọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò sì lè ka iye Land Cruiser tí mo ti yọ pùròpélà iwájú wọn tí wọ́n ṣì ń rìn títí di òní. Oríkèé iwájú ni ó ń dún yẹn, ibi tí irin tí ó ń yí táyà ti ń tẹ̀ nígbà tí a bá yí sítíárìn. Ohun tí ó ń mú wa yọ pùròpélà ni pé oríkèé tí ó jẹ́ ojúlówó ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ oníbàárà, tàìwán tí ó sì wà lọ́jà kì í pẹ́. Mo ra méjì rí fún oníbàárà kan, tuntun nínú páálí, ọ̀kan nínú wọn sì fọ́ kí òjò ọdún yẹn tó dá. Ta ni wọ́n bú? Èmi ni. Ìnṣì 9.5 ni dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ó lágbára ju ti iwájú lọ dáadáa, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é bí ó bá ń dá gbé ẹrù náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọkọ̀ rẹ̀, kí ó máa lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́, kí ó lọ wá owó.

Àjàní Houston

Ẹ̀gbọ́n Sípánà, mo kí yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ já yín nírọ́. Mo gbà pé dífù ẹ̀yìn lè gbé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí ni pé 80 tí arákùnrin wa ní kì í ṣe irú èyí tí a lè tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Irú rẹ̀ ni mo ní níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Lexus LX 450 ti ọdún 1997 ni wọ́n kọ sí i lára. Fó-wíìlì rẹ̀ kì í sùn: ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, dífù àárín ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn, họ́ọ̀bù iwájú (àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí a ń de táyà mọ́) sì so mọ́ ṣáàfù, ọ̀pá tí ó wá láti inú dífù iwájú, pinpin, kò ní ohun tí a lè fi ọwọ́ yí láti tú u. Èyí já sí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ pùròpélà, táyà iwájú ni yóò máa yí ṣáàfù, tí ṣáàfù yóò máa yí oríkèé, tí oríkèé yóò sì máa yí gíà inú dífù iwájú, láti Abẹ́òkúta dé Ìmẹ̀kọ. Ariwo yóò lọ lóòótọ́, nítorí pé kò sí ẹrù lórí oríkèé náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́ kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá.

Gírísì tí ó di ọbẹ̀ yẹn gan-an ni kí ó wo. Ní ojú ibi tí ṣáàfù ti jáde láti inú ìdí dífù, síìlì kan wà tí ó ń dá ọ́ìlì gíà dúró. Nígbà tí síìlì náà bá gbó, ọ́ìlì yóò rọ́ wọ inú ìkòkò oríkèé, yóò yọ́ gírísì, àwọn méjèèjì yóò sì wá ibi tí wọn yóò gbà jáde. Nítorí náà kì í ṣe oríkèé nìkan ni ó ń ṣàìsàn. Dífù iwájú náà ń sọ ọ́ìlì rẹ̀ nù. Bí ẹ bá yọ pùròpélà tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀, dífù yẹn yóò máa yí lórí ìwọ̀nba ọ́ìlì tí ó kù, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí pé ariwo tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ ni ẹ ti pa lẹ́nu mọ́.

Ọ̀gá Sípánà

Àbúrò mi Àjàní, ohun tí o sọ nípa síìlì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ pùròpélà kí ó má fi ọ́ìlì kún dífù? Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mẹkáníìkì, ẹni tí ó ń jí sípánà gbé ni.

Tíṣà Àkúrẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Obìnrin ni mí, fíṣíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ní Land Cruiser 60 ti ọdún 1986 tí mo ń tún ṣe fúnra mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti sọ pé òun kò bá mi dá sí i mọ́. Ohun kan wà nínú àríyànjiyàn yìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Fó-wíìlì 60 tèmi máa ń sùn títí a ó fi jí i. Bí mo bá wà lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá dé inú ẹrẹ̀, èmi yóò sọ̀ kalẹ̀, èmi yóò fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù iwájú, ti òsì àti ti ọ̀tún, kí wọ́n lè gbá mú, kí n tó fa gíà rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ pùròpélà iwájú irú ọkọ̀ yìí tí ó sì tú họ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ iwájú yóò sinmi lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé láti ara 60 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ àṣà yìí, tí wọ́n sì gbé e wọ inú 80 láìwò ó pé ìdí rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti bíréèkì. Bí ọkọ̀ arákùnrin wa bá ní ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há kí ó máa yọ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, títi dífù àárín pa ni yóò pa ABS náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Toyota ṣe ṣe é. Ọkọ̀ tí ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, tí kò ní ABS mọ́, tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn nìkan: ẹ̀yin tí ẹ bá mọ òkè Ìdànrè yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ti epo, ìfarakanra tí ó ń fa gíà àti bẹ́rìn iwájú sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ṣì ń yí. Mo rò pé ohun tí yóò dín kù kò ní tó ohun tí a lè rí lójú gééjì, ṣùgbọ́n kí a má jiyàn lórí ohun tí a lè wọ̀n. Kí ó kún táǹkì dé ẹnu, kí ó lọ sí oko kí ó bọ̀, kí ó tún un kún ní ilé epo kan náà, kí ó sì kọ iye lítà sílẹ̀. Kí ó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó yọ ohunkóhun.

Ará Peckham

Mo kí gbogbo ilé. Ní Ọsirélíà, níbi tí 80 pọ̀ sí, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ fó-wíìlì tí kì í sùn yìí di èyí tí ń sùn. Wọ́n máa ń tú àpótí gíà tí ó ń pín agbára, wọn yóò pààrọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì fi họ́ọ̀bù tí a lè fi ọwọ́ tú sí iwájú. Toyota fúnra rẹ̀ ṣe irú 80 bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọjà kan. Ṣé kò ní sàn kí arákùnrin wa ṣe èyí, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀?

Àjàní Houston

Ẹ̀gbọ́n, owó irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó ìkówọlé rẹ̀ yóò ra síìlì, bẹ́rìn àti gírísì tí yóò lo títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jogún ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, yóò ṣì tún oríkèé yẹn ṣe bákan náà, nítorí ọjọ́ tí ó bá yí họ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni yóò tún dún.

Ọ̀gá Sípánà

Ó dára. Ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kì í kọ sínú ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo gbà pé 60 ni mo fi kọ́ iṣẹ́, Tíṣà, ẹ rí mi mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pinnu láti tú u, kí ó má lọ ra oríkèé tuntun kankan. Ojúlówó tí ó ti jẹ díẹ̀ sàn ju tàìwán tuntun lọ, ìdí sì wà fún un. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ni ó wà nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sáré nínú ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ sí ara irin. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ kì í sábà rìn sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀nà yẹn ni ẹrù máa ń wà, òun nìkan ni ó sì ń jẹ. Gbé oríkèé òsì sí ọ̀tún, gbé ti ọ̀tún sí òsì: ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ ni yóò wá máa gbé ẹrù. Oríkèé nìkan ni o máa pààrọ̀ o, kí ṣáàfù inú padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí wọn kò gùn dọ́gba.

Ohun kejì: nọ́ọ̀tì tí ó di họ́ọ̀bù mú, sókẹ́ẹ̀tì mìlímítà 54 ni ó ń gbà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kò ní in, síṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù ni wọ́n ń fi lù ú. N kò ní purọ́, àwọn ọmọ tèmi náà ti ṣe é rí. Kí ó rà á tàbí kí ó yá a.

Tíṣà Àkúrẹ́

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. N kò tíì gbọ́ ti pípààrọ̀ òsì sí ọ̀tún yìí rí, mo sì ti jókòó ya àwòrán rẹ̀ sórí pátákó ìkọ̀wé. Ó bá ìlànà mu.

Ọmọ Olúmọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọn epo bí Tíṣà ṣe wí, nǹkan bí lítà 18 ni ó ń mu fún kìlómítà 100, n kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ pùròpélà. Mo ra síìlì, bẹ́rìn àti gírísì ní Ládípò, mo yá sókẹ́ẹ̀tì 54 lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìbàdàn, mo sì tú ẹsẹ̀ òsì ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá.

Nígbà tí mo ṣí họ́ọ̀bù, mo rí nọ́ọ̀tì náà tí ojú rẹ̀ ti ṣá yí ká bí igi tí eku jẹ. Síṣẹ́ẹ̀lì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Bí mo ṣe fa ṣáàfù jáde, ọbẹ̀ dúdú yẹn tẹ̀ lé e, ó tó ìdajì garawa kékeré kan, ó sì ń rùn bí ọ́ìlì gíà, gẹ́gẹ́ bí Àjàní ti sọ. Mo fi epo kẹrosíìnì fọ oríkèé náà títí irin rẹ̀ fi funfun. Mo ti èékánná mi bọ inú ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù: ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọ̀ lọ láìdúró, ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kọ́ sí ojú kan tí ó ti rì wọlé díẹ̀. Ibẹ̀ ni tá-tá-tá ń gbé. Dífù iwájú ku ọ́ìlì díẹ̀ gan-an. N kò fẹ́ ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo tú ti ọ̀tún, mo pààrọ̀ àwọn méjèèjì, mo sì wà á yí ìta ilé wa ká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú sítíárìn ní òpin. Ó dákẹ́ ní òsì. Ní ọ̀tún, mo gbọ́ tá kan ṣoṣo nígbà tí mo fi rìn sẹ́yìn.

Ọ̀gá Sípánà

Bí ó bá jẹ́ sẹ́yìn ni, fi í sílẹ̀, ìlò sẹ́yìn kò pọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí o ń dá bẹ́rìn òkè àti ìsàlẹ̀ ìkòkò oríkèé padà, báwo ni o ṣe mọ̀ pé wọn kò le jù tàbí kí wọ́n dẹ̀ jù? Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kì sí abẹ́ wọn ni ó ń pinnu rẹ̀, òṣùwọ̀n tí a ń fà sì ni a fi ń wò ó.

Ọmọ Olúmọ

Mo yá òṣùwọ̀n alásokọ́ kan lọ́wọ́ ìyá tí ó ń ta ẹja ní Lafẹ́nwá, mo so ó mọ́ apá sítíárìn, mo sì fà á títí ìkòkò náà fi yí, bí ìwé àtúnṣe ṣe ní kí á ṣe é. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo fẹ́ tún wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ìyá náà ti rán ọmọ rẹ̀ wá ní àárọ̀ yìí pé òun nílò òṣùwọ̀n òun.