Kì í ṣe sàlẹ́ńsà ni omi àgbàrá ń gbà pa ẹ́ńjìnì

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ìkòròdú, tí àgbàrá sì gba ojú títì, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń gba awakọ̀: "Má yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́rótù o! Bó bá fi kú sínú omi, omi á gba ẹnu sàlẹ́ńsà wọlé, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn." Kọ̀ńdọ́ ń pariwo rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá èèyàn ti ọkọ̀ gba owó ń pariwo rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì mìíràn pàápàá gbà á gbọ́. Ìmọ̀ràn yìí ti ba ẹ́ńjìnì púpọ̀ jẹ́. Ẹnu tí omi ń gbà wọlé gan-an, iwájú ló wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹsẹ̀ bá sì ṣe wúwo tó lórí tọ́rótù ni ẹnu yẹn ṣe ń fa omi tó.

Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ní Ẹ̀bútẹ̀ Ìpakodò. Èéfín ẹ́ńjìnì ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ìdí wọn, àárín abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú ọ̀sà ló ń gbà jáde. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ihò èéfín yẹn wà nínú omi, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé sókè, sábẹ́ ìdérí, kí omi má bàa dé ibẹ̀. Bákan náà ni ti mọ́tò. Omi tó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà kò ní agbára ju bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Èéfín ẹ́ńjìnì tó kàn dúró tó ń kùn jẹ́jẹ́ ń tì í dànù. Ohun tí a ń gbọ́ tó ń dún gulugulu lẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn.

Ká wá ní ọkọ̀ kú sínú omi ńkọ́? Omi á wọ ọ̀pá sàlẹ́ńsà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Àfi kí omi ìta ga tó ibi tí ọ̀pá èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnì kó tó lè dé inú sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì), omi tó bá sì ga tó báyẹn ti wọ inú ọkọ̀ dé ìdí àga. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó sùn sínú omi, bí irú ti Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí odò Ògùn kún wá. Ti àgbàrá tí èèyàn kàn ń là kọjá kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ará àwọn tó wà ní Kánádà sọ fún wọn pé èèyàn gbọ́dọ̀ kó yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kó tó ṣáná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń dáàbò bò níbẹ̀: bí yìnyín bá dí ẹnu sàlẹ́ńsà, gáàsì olóró tí kò ní òórùn lè wọ inú ọkọ̀, kó sì pa ẹni tó jókòó síbẹ̀. Yìnyín tó ń pa ẹ́ńjìnì lọ́hùn-ún, fílítà afẹ́fẹ́ lòun náà ń gbà: atẹ́gùn á fẹ́ èyí tó rí lẹ́búlẹ́bú sínú rẹ̀, á dí i, ẹ́ńjìnì ò ní rí afẹ́fẹ́ fà, á kú.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ẹ mú Corolla 1.8 tó kún ìgboro wa, ti 2003 sí 2008. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa bí 450 cc afẹ́fẹ́. Nígbà tí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, bá gòkè dópin, àlàfo tó kù lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 cc. Ìdá kan nínú mẹ́wàá píọ̀ wọ́tà kan péré nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Omi ò ṣeé fún. Bí omi tó wọ sìlíńdà kan ṣoṣo bá ti ju 50 cc lọ, písítìnì ò ní lè dé òkè, bẹ́ẹ̀ kíráǹkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ṣì ń yí. Kọ́n-ròòdù ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló máa tẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń kùn jẹ́jẹ́ nígbà tí omi wọlé, ó sábà máa ń kú láìba nǹkan jẹ́. Bó bá jẹ́ pé 3,000 lórí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló wà, tí tọ́rótù ṣí pátá, bí 45 lítà afẹ́fẹ́ ló ń fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ròòdù lè kán, kó dá ihò sí ara bílọ́ọ̀kù. Ẹni tó ní kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, kí òjò tó dé, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ ọ̀pá tó ti ara ilé fílítà afẹ́fẹ́ jáde títí dé ẹnu rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ẹ̀yìn iná iwájú tàbí orí rédíétọ̀ ló máa ń wà. Ẹ fi téèpù káfíńtà wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn tó so fílítà "sport" mọ́ inú báńpà ti gbé ẹnu yẹn sọ̀kalẹ̀ tó fi jẹ́ pé kòtò kékeré lásán lè pa ẹ́ńjìnì wọn. Ẹ wò ó bóyá pátákó rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnì ṣì wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì kì í sábà dá a padà. Nínú omi, ẹ fi jíà kìíní tàbí L rìn bí ìrìn ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin lójú kan. Ọkọ̀ tó bá sáré ń ti ìgbì síwájú ara rẹ̀, ìgbì yẹn sì ga ju omi tí ẹ ń wò lọ. Ẹ yẹra fún tirela tó ń bọ̀ lódìkejì. Ìgbì tirela lọ́nà Òdógùnyán lè bo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó wà nínú omi tí kò ju orúnkún.

Bó bá ti kú, ẹ má ṣáná sí i mọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì í kí ẹ fi jíà jí i: kíkì sítátà lè má lágbára tó láti tẹ ròòdù tán, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń yí gbirigbiri lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tì í, kó wà ní nútírà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì, kí ẹ sì ṣí ilé fílítà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti pín sí méjì.

Bí fílítà bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ni: omi ta sí kọ́ìlì, sí ihò púlọ́ọ̀gì, tàbí sí ẹnu wáyà sensọ̀. Irú èyí máa ń jan díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, kì í sábà kú lójijì. Ẹ tú kọ́ìlì, ẹ fi afẹ́fẹ́ fọn ihò náà àti ẹnu wáyà gbẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ó ti tán nìyẹn. Réwáyà lè ṣe é kí àmàlà tó jinná.

Bí fílítà bá rẹ, ẹ gbà pé omi ti wọ sìlíńdà. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ti Corolla yìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ni, bọ́ọ̀tì kọ́ìlì jẹ́ 10), ẹ fi wáyà kọ́ìlì sílẹ̀ láìso, kí ẹ sì yọ fíúsì EFI kí epo má bàa tú jáde. Ẹ fi ọwọ́ yí kíráǹkì láti bọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀ yípo méjì, bó ṣe ń yí fúnra rẹ̀. Bó bá há, ẹ dúró níbẹ̀. Sítátà ò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá yí, ẹ da ákísà bo àwọn ihò náà, ẹ so bátìrì padà, kí ẹ lo sítátà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe títí omi ò fi ní tú mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ojú mọ́ ọn. Ṣíbí tíì kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nínú ihò kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí ríǹgì dógùn-ún. Ọkọ̀ díísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Nọ́sùlù tàbí púlọ́ọ̀gì agbóná rẹ̀ ni wọ́n máa tú, àlàfo tirẹ̀ sì tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbígbé e sínú oòrùn kò wúlò fún èyí. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì: bó bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tàbí tó ga ju àmì òkè, omi ti dé ìsàlẹ̀. Ẹ dà á nù kí ẹ tó ṣáná, ẹ pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì, ẹ ra ọ́ìlì tí kò wọ́n, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún dà á nù kí ẹ tó da ojúlówó sí i. Ẹ wo ọ́ìlì jíà náà bóyá ó ti funfun.

Ròòdù tó tẹ̀ díẹ̀ kì í ké lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́, á máa gbọ̀n, á máa mu ọ́ìlì, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á nọ́ọ̀kì, wọ́n á sì ní ọ́ìlì ayédèrú ló fà á. Kí púlọ́ọ̀gì tó padà wọlé, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀n (bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó) sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí tọ́rótù ṣí pátá. Tí ọ̀kan ò bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù, ẹ fi igi tín-ín-rín kan náà sínú ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan nígbà tí písítìnì rẹ̀ bá wà lókè pátápátá, kí ẹ sàmì sí i lára. Sìlíńdà tí igi bá ti wọlé jù ni ròòdù rẹ̀ ti kúrú.