Irọ́ ni o, ẹ̀jẹ̀ ò mọ àwọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́sẹ́èjì tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, tó ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ò lè wọ ara èèyàn dúdú torí inú ẹ̀jẹ̀ la ti yàtọ̀, irọ́ gbuu ni. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní blood group, ìyẹn A, B, AB, O, gbogbo ẹ̀ wà lára wa níbí, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Ṣáínà. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, group yín àti Rhesus (ìyẹn bóyá ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ positive tàbí negative) ni wọ́n máa yẹ̀ wò, wọ́n á tún po ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀ mọ́ ti ẹni tó fẹ́ fún yín wò bóyá wọ́n máa bára wọn jà, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ṣé ara ẹni náà pupa àbí ó dúdú.

Mẹ́lánì ló ń fún ara láwọ̀. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é lára èmi àti òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló yàtọ̀. Ẹ wo àfín àdúgbò yín, bàbá dúdú, ìyá dúdú, sẹ́ẹ̀lì yẹn wà lára ẹ̀, mẹ́lánì ni ò jáde tó. Ṣó wá di òyìnbó nìyẹn? Àtẹ́lẹwọ́ yín gan-an ńkọ́ (ó ṣáà mọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, àbí ẹ̀yà tiẹ̀ ló yàtọ̀ ni?).

Orúkọ "dúdú" yẹn náà, ìjọba àti àwùjọ ló ń pín in: ẹni tí wọ́n ń pè ní pardo (ìyẹn aláwọ̀ àdàlù) ní Brazil lè di black tó bá ti balẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ará Solomon Islands, àwọn erékùṣù tó wà nínú òkun Pàsífíìkì, sì rèé, dúdú bíi kóró iṣin, àmọ́ tí wọ́n bá yẹ jíìnì wọn wò, ará Éṣíà ni wọ́n sún mọ́ jù wá lọ.