Irunmú Ológbò Kì Í Kú

Àbúrò mi tó ń gbé ní Atlanta fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ wo Kiss ayé ìgbà yín!" Mo gbé dígí sójú. Kiss ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun ojú. Lóòótọ́, onílù tó kun ojú bí ológbò jókòó sídìí ìlù, irunmú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹni tó ni irunmú nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n ná. Peter Criss, onílù wọn àkọ́kọ́, ló fi irunmú yẹn bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1973. Ó lọ, ó padà wá, ó tún lọ. Irunmú ò lọ. Eric Singer ló wá ń kùn ún sójú. Ọ̀dà fàdákà ojú Ace Frehley, onígìtá wọn, náà bọ́ sójú Tommy Thayer. Ọgbọ́n ńlá mà ni! Èèyàn á darúgbó, á bínú, á béèrè owó. Irunmú kì í ní làkúrègbé. Irunmú kì í gba lọ́yà. Bí mo bá dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ lọ́la, irunmú nìkan ni n ó gbà síṣẹ́.

Lynyrd Skynyrd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà mìíràn, tiẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Gary Rossington, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, kú ní oṣù kẹta 2023. Wọ́n sin ín tán, wọ́n tún di ẹrù lọ ṣeré. Johnny Van Zant tó ń kọrin níbẹ̀ ṣáà jogún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá jàǹbá bààlúù lọ ní 1977. Irunmú ńkọ́? Ta ló bí i?

Ẹnìkan á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni eégún. Ẹ pa ẹnu mọ́! Ẹ̀kú ilé wa, àwa ọmọ ilé la ń jogún ẹ̀, a ò tà á fún ará Sweden. Kiss ta orúkọ àti ojú wọn fún Pophouse, iléeṣẹ́ ará Sweden, ní 2024. Lálẹ́ ìdágbére wọn ní Madison Square Garden, lóṣù kejìlá 2023, àwòrán kọ̀ǹpútà ló jáde kọrin gbẹ̀yìn. Irunmú ti wá wà láìsí ojú lábẹ́ rẹ̀. Olè ni! Mo ní olè ni!

Ẹ má bínú. Nígbà tí a ṣe òkú bàbá mi, mo sanwó pé pérépéré fún gbajúmọ̀ olórin kan. Bọ́ọ̀sì dé, ìlù dé, ọ̀gá ò dé. "Ọ̀gá ní ká máa bẹ̀rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé dígí dúdú ọ̀gá sójú, ó ń fi orúkọ olókùú mìíràn ki bàbá mi. Èmi náà, òmùgọ̀, mo ń ná an lówó.

Haruna Ishola kú ní 1983. Musiliu ọmọ rẹ̀ kọ àpàlà, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi ń kọ ọ́. Kò dé fìlà bàbá kó ní òun ni bàbá. Ẹ̀yin àgbààyà, ẹ lọ fọ ojú yín!

Àbúrò mi tún bi mí: ṣé kóun ra tíkẹ́ẹ̀tì Skynyrd sílẹ̀ dè mí? Mo ní kó rà á. Ọmọ mi ló máa lọ. Yóò dé fìlà mi.