Ìjà ilẹ̀ ti parí, isu ò tíì dé

Ní Mile 12 lọ́jọ́sí, obìnrin kan kojú sí ìyá onísu: "Ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ kó isu pamọ́! Ṣebí ìjà ilẹ̀ ti parí ní Benue, kí ló dé tó ṣì wọ́n?"

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa l'Ékòó gbà gbọ́ nìyẹn: bí ìjà bá ti tán, oúnjẹ á padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọlọ́jà là ń ṣépè fún.

Ìyá náà ò bínú. Ó gbé isu kan, ó fi èékánná họ orí rẹ̀. "Ọmọ mi, èyí ni wọ́n ń gbìn. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, kí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tó láti fi bẹ̀rẹ̀ oko, nítorí ṣírí kan ń so ọgọ́rùn-ún hóró mélòó kan. Ní ti isu, inú èyí tí àgbẹ̀ bá wa ló ti ń yọ èbù, isu tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà mìíràn ó ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Isu inú ebè kan kì í sì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Bí wọ́n bá dáná sun àká, tàbí tí ìdílé se èbù jẹ níbi tí wọ́n sá lọ, àfi kí àgbẹ̀ lọ ra èbù, bó ti wù kó wọ́n tó. Á gbin díẹ̀, á wa díẹ̀, á tún yọ díẹ̀ sẹ́yìn. Bí òjò àkọ́kọ́ bá sì bá a lójú ọ̀nà, ọdún yẹn ti lọ.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yà Tiv àti Jukun jà ní ààlà Benue àti Taraba ní 2001, wọ́n tún jà ní 2019. Ta ni yóò ri gbogbo èbù rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti lé e rí?

Kì í ṣe òkè Ọya nìkan. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, 1997 sí 2000, ba oko kòkó jẹ́. Kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so.

Ìyá onísu ní ọkùnrin tó ń kó isu wá fún òun ti padà sóko. Àpò àgbàdo ló fi ránṣẹ́ lọ́dún yìí.