Èrò ọkàn mi: Ó yẹ kí á fi owó ìlú kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn ní kẹ̀kẹ́ gígùn

Ní ọjọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òkè-Àdó a máa tò síwájú ọkùnrin kan tó ń yá wọn ní kẹ̀kẹ́ háyà. Ọmọ yóò san owó, ọkùnrin náà yóò wo aago, ọmọ yóò sì máa gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sókè sódò títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ṣe kọ́ ọ: ọ̀rẹ́ ẹni á di ìjókòó mú lẹ́yìn, á tì wá síwájú, á sì jọ̀wọ́ wa láìsọ fún wa, a ṣubú, a dìde, orúnkún bó, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta a ti mọ̀ ọ́n gùn. Ohun tí a rí kọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ju bí a kò ṣe ní ṣubú lọ. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní bí a ṣe ń wẹ̀yìn kí á tó yà, tàbí ibi tó yẹ kí á wà lójú títì nígbà tí ọkọ̀ bá wà níwájú wa àti lẹ́yìn wa.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde láti lọ ra búrẹ́dì. Gbogbo wa la ti máa ń kì í nílọ̀ pé kó fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ṣe bí a ti wí, ó fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì débi pé àyè tó wà láàárín òun àti àwọn ọkọ̀ tó dúró kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Táásì kan dúró lójijì láti já èrò, èrò tó wà lẹ́yìn ṣí ìlẹ̀kùn láìwẹ̀yìn, ọmọ náà sì sá lu ìlẹ̀kùn náà. Apá òsì rẹ̀ kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì fi wà nínú POP. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìmọ̀ràn àwa àgbà gan-an ló gbé e dé ibi ìlẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn tó péye mọ̀ pé ibi tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ lè ṣí dé, tó tó nǹkan bíi mítà kan, ni kí oníkẹ̀kẹ́ fi jìnnà sí ọkọ̀ tó bá dúró. Àwa kò mọ̀. Èrò tó ṣílẹ̀kùn kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ wẹ̀yìn, awakọ̀ kò sì kì í nílọ̀. Àìmọ̀ gbogbo wa ló já lé ọmọ kékeré lórí.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa máa ná owó ìlú sórí ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọmọ tó bá wà ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ pé òbí rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ tàbí kò ní. Owó ìlú ni a fi la títì. Owó ìlú ni a fi ń san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Owó ìlú náà ni a fi kọ́ ilé ìwòsàn UCH, níbi tí a máa ń sáré gbé ọmọ tó bá fi orí gbálẹ̀ lọ. Ó ṣòro fún mi láti lóye ìdí tí owó yìí kan náà kò fi gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà kí ó tó ṣubú. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé ènìyàn tó tó 1,190,000 ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé òun ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 5 sí 29 jù lọ, àti pé ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tó wà lórí alùpùpù ló ju ìdajì àwọn òkú náà lọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé lọ gbé bọ̀ kò sí nínú ewu yẹn bíi ti ọmọ tí kẹ̀kẹ́ nìkan ni òbí rẹ̀ lè rà. Ọmọ kejì yìí ni kò sí owó láti gba olùkọ́ fún.

Àwọn ìlú tó ti ń ṣe é kò ṣe é gẹ́gẹ́ bí eré ọwọ́ dilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bikeability ti wà láti ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìrìnnà ló sì ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ní ìpele kìíní, ibi tí ọkọ̀ kò dé, bíi ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Ní ìpele kejì, tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá sábà máa ń ṣe, olùkọ́ á kó wọn jáde sí ojú títì gidi níbi tí ọkọ̀ kò ti pọ̀. Ìpele kẹta ni ti títì tí ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ gan-an. Ní Jámánì, ọlọ́pàá máa ń lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ á sì ṣe ìdánwò. Ti ilẹ̀ Netherlands ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé kò sí ìlú tó la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣì ń ṣe ìdánwò ìrìnnà, lórí ìwé àti lójú títì, kí wọ́n tó kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn tó ní ọ̀nà tó dára bá ń kọ́ ọmọ wọn, kí ni ká wá sọ nípa àwa tí kẹ̀kẹ́ àti tírélà jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà?

Ìbàdàn kò sì ṣe àjèjì sí irú èyí. Láti ìlú yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó dàgbà nínú wa kò sì ní gbàgbé ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Ìjọba ló ná owó láti la ará ìlú lọ́yẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Wọn kò ní kí kálukú lọ wádìí fúnra rẹ̀.

Kí ni ọmọ yóò kọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó ń dà mí láàmú. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó lè rí ohun tó fẹ́ kọ lù ú. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún. Ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ kọjú sí ló yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ kọjú sí, ní apá ọ̀tún. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń sá 50, bí wọ́n bá kojú ara wọn, eré 65 ni wọn yóò fi pàdé. Bí wọ́n bá jọ ń lọ síbì kan náà, 35 ni, awakọ̀ yóò sì ní àyè láti tẹ bíréèkì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awakọ̀ tó ń jáde láti àdúgbò bọ́ sí títì ńlá kì í retí pé ohunkóhun yóò ti ibi tí kò tọ́ yọ sí òun.

Ìbàdàn kì í sì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bíréèkì méjèèjì la jọ ń tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí eré tó pọ̀ jù, nítorí bí a bá já ti iwájú nìkan tẹ̀ lójijì, ó lè gbé ènìyàn fò sókè, ti ẹ̀yìn nìkan kì í sì í tètè dá a dúró, pàápàá lásìkò òjò. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń wẹ̀yìn láìyẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kó tó yà fún kòtò. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní Ọ̀jọ̀ọ́ tàbí Ìwó Road, kò gbọ́dọ̀ gba apá ọ̀tún tírélà kọjá, nítorí awakọ̀ tó jókòó sápá òsì kò ní rí i, bí tírélà náà bá sì yà sọ́tùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbá gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Akoto náà ní bí a ṣe ń dé e: kó wà ní ìka méjì péré sókè ìpéǹpéjú òkè, kí okùn rẹ̀ mọ́ra lábẹ́ àgbọ̀n.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí owó. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ra kẹ̀kẹ́ ogún, tí wọ́n ń gbé e láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, gbogbo rẹ̀ kò ju 220 lọ, àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní àdúgbò wa yóò sì rí iṣẹ́ níbẹ̀. FRSC ti ní ẹgbẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, àwọn agùnbánirọ̀ sì wà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. A lè kọ́ wọn kí wọ́n di olùkọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ká kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé ẹ̀kọ́ kò lè rọ́pò ọ̀nà tó dára, inú mi kì í sì í dùn bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ tí ọkọ̀ gbá. Ó yẹ kí awakọ̀ náà kọ́ nípa oníkẹ̀kẹ́ kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà lójú ọ̀nà tí a ní lónìí.

Apá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti san. Ìyá rẹ̀ kọ̀ láti fún un ní kẹ̀kẹ́ padà títí mo fi ṣèlérí pé èmi ni màá kọ́ ọ. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa la ń lò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìwọ̀nba ohun tí mo kà ni mo sì ń fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ méjì ló wà láàárín wọn, pẹ̀lú akoto kan ṣoṣo.