Oore Tammany Hall, Tálákà Ló San Owó Rẹ̀

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń gbè sẹ́yìn Tammany Hall, àwọn olóṣèlú Democrat tó di ìlú New York mú sọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ní òun ló ríṣẹ́ fún àwọn ará Ireland tí ìyàn lé kúrò nílé, lásìkò tí àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn ń lé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò ní bi ẹni tó fún un níṣẹ́ ní ìbéèrè púpọ̀. Síbẹ̀, a kò fara mọ́ ìgbèjà yìí.

Tammany nìkan kọ́ ló dá àṣà kí ẹgbẹ́ tó wọlé máa pín iṣẹ́ ìjọba fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Andrew Jackson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1829, sọ pé ipò ìjọba kò gbọdọ̀ di ohun ìní ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ nígbà tó máa fi di 1832, Sẹ́nétọ̀ William Marcy ti New York ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó ṣẹ́gun ló ni ìkógun. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ á gba ilé wọn lọ, àwọn tó rọ́pò wọn á sì máa yọ nínú owó oṣù wọn fún ẹgbẹ́.

Lọ́dún 1881, Charles Guiteau, tó ń wá ipò tí kò rí, yìnbọn lu Ààrẹ Garfield, ìyẹn sì kú. Ikú yẹn ló ti Òfin Pendleton ti 1883 jáde, pé kí ìdánwò máa pinnu ẹni tó máa gba àwọn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Kò kan ìjọba ìlú rárá. Ìpínlẹ̀ New York ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ẹ wá wo Timothy Creeden, ọlọ́pàá New York tó ti ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ó yege ìdánwò ìgbéga, wọn kò gbé e ga. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún 1894, ó jẹ́wọ́ pé $15,000 ni wọ́n san kí òun tó di ọ̀gá àgọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a dá a jọ. Ibo ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti máa padà wá? Ìgbìmọ̀ kan náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ti ọmọlanke èso kiri àdúgbò, tí ọlọ́pàá ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Àlejò aláìní ni púpọ̀ nínú wọn, irú àwọn tí wọ́n ní Tammany ń ṣàánú.

Ìdánwò wà nígbà náà, òfin wà, ṣùgbọ́n àwọn tí olóṣèlú yàn ló ń buwọ́ lu ìwé. Ibẹ̀ la dúró sí: ní ìjọba ìbílẹ̀ yòówù, ẹ gba ìgbanisíṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi lé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ kankan kò lè yọ nípò. Kí wọ́n sì lẹ máàkì gbogbo ẹni tó ṣèdánwò mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́.