Abẹ́rẹ́ HPV kì í sọ ọmọbìnrin di àgàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Òṣogbo fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Ohùn ọkùnrin kan tí èmi àti òun kò mọ̀ rí ni. Ọkùnrin náà ń pariwo pé abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń gún fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké, ilé ọmọ ló ń bà jẹ́, pé àwọn òyìnbó fẹ́ fi dín wa kù ni. Lábẹ́ ohùn yẹn ni àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní iléèwé wọn ní Mọ́ńdè." Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Mi ò bá a wí. Ilẹ̀ tí a ti ń sọ ọmọ ní Ọmọlaṣọ àti Ọmọ́tọ́lá, ta ni kò ní bẹ̀rù ohun tí wọ́n bá ní ó ń sọni di àgàn? Ẹni tó ṣe ohùn yẹn mọ ibi tó ń ta wá lára, ibẹ̀ gan-an ló sì fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń tàn kálẹ̀ láti ìgbà tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí ní Oṣù Kẹwàá 2023. Abẹ́rẹ́ HPV ni wọ́n ń pè é; HPV ni kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, òun ni abẹ́rẹ́ náà ń dínà fún. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀yọ́, Òǹdó, Èkìtì àti Kwara tẹ̀ lé e ní 2024. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ náà dé ni àhesọ náà bá a dé.

Èsì tí mo fún àbúrò mi gùn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè. Ìlú Dẹ́ńmáàkì ni mo ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Dẹ́ńmáàkì. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, wọn ò tó àwọn tó wà l'Ékòó nìkan. Àmọ́ wọ́n ní ohun kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri ayé ń ṣe ìlara rẹ̀. Láti 1968, gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kọ abẹ́rẹ́ tó bá gbà, àìsàn tó bá gbé e lọ sí ọsibítù, ọmọ tó bá bí, títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé abẹ́rẹ́ báyìí ń fa àrùn báyìí, wọn kì í jiyàn lọ títí. Wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á fi àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wé àwọn tí kò gbà á.

Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá níbẹ̀ ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn fi ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ṣàìsàn: orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò lè lọ síléèwé mọ́. Ní 2015, ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde, ó sì jọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Láàárín àkókò díẹ̀, iye àwọn ọmọ ọlọ́dún méjìlá tó ń gbà á já wálẹ̀ dé ibi tí kò tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìyá Dẹ́ńmáàkì náà bẹ̀rù bí àbúrò mi ṣe bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn kún ìlú wọn, ìwé sì kún orí wọn. Òun ni mi ò fi fara mọ́ ọn nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé àìmọ̀wé ló ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà.

Àwọn ọmọbìnrin yẹn kò purọ́ o. Àìsàn ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bóyá abẹ́rẹ́ ló fà á. Àwọn olùwádìí Statens Serum Institut, ilé iṣẹ́ ìjọba Dẹ́ńmáàkì tó ń ṣèwádìí àrùn àkóràn ní Copenhagen, padà síbi ìwé tí mo sọ. Wọ́n wo àwọn 316 tí wọ́n ròyìn pé abẹ́rẹ́ ṣe wọ́n ní jàǹbá ńlá, wọ́n sì rí i pé kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ rárá ni wọ́n ti ń lọ rí dókítà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tó di 2020, wọ́n gbé ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, lórí obìnrin 1,375,737. Wọn ò rí i pé àwọn àìsàn tí wọ́n ń sọ yẹn pọ̀ sí i lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gún un náà ni ọjọ́ orí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin, ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ àgàn, torí òun ni àbúrò mi bèèrè.

Àìsàn kan wà tí ẹyin obìnrin fi máa ń kásẹ̀ ńlẹ̀ kó tó pé ọmọ 40 ọdún. Nǹkan oṣù rẹ̀ á dáwọ́ dúró láìtọ́jọ́, oyún á sì ṣòro fún un láti ní. Òun gan-an ni àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu abẹ́rẹ́ yìí ń tọ́ka sí. Wọ́n rí ọmọbìnrin kan níbì kan, òmíràn níbòmíràn, tó ṣe lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Ní 2021, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí ọmọbìnrin àti obìnrin 996,300, láti ọmọ ọdún 11 títí dé 34. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nínú wọn lé ní ìlàjì: 505,829. Nínú gbogbo èrò yìí, àwọn tí dókítà rí àìsàn náà lára wọn kò ju 144 lọ. Ìwọ̀n tó fi ṣe àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n tó fi ṣe àwọn tí kò gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ dúró lórí 144 yẹn díẹ̀. Nítorí pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n, ìwádìí náà kò lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ dé góńgó. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin inú Wáàsáàpù sọ kọ́ ni pé ó lè ṣe ẹyọ kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú àwọn ìdajì mílíọ̀nù tó gbà á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni à bá kà. Kò síbi tí wọ́n lè sá pa mọ́ sí nínú ìwé Dẹ́ńmáàkì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n wádìí yẹn, Gardasil tó ń dènà irú HPV mẹ́rin, òun náà ni Nàìjíríà ń gún.

Kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀? Èèpo òde kòkòrò HPV ni, bí èèpo ẹ̀pà tí kò ní hóró nínú. Kódà kì í ṣe ara kòkòrò náà ni wọ́n ti ṣí i: ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, ni wọ́n ń lò láti ṣe èèpo náà. Kò lè bí sí i, kò lè fa àrùn. Ara ọmọ á kàn mọ èèpo yẹn dáadáa, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí kòkòrò gidi bá dé, ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé apá lè ro ọmọ fún ọjọ́ kan sí méjì, ara rẹ̀ lè gbóná, àwọn míì máa ń dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe gún wọn tán. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ní kí ọmọ jókòó díẹ̀ kó tó máa sáré lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àrùn tí abẹ́rẹ́ ń dínà fún, òun gan-an ló ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ bá ti wọlé ṣinṣin, yálà kí wọ́n gé ilé ọmọ kúrò tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ jó o. Obìnrin tó bá yè é kò ní lóyún mọ́. Kódà bí wọ́n bá tètè rí i kó tó di jẹjẹrẹ, tí wọ́n gé díẹ̀ lára ẹnu ilé ọmọ, ó lè jẹ́ kí oyún rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú wá sáyé kó tó tó oṣù. Ní 2020, ìṣirò àgbáyé fi hàn pé nǹkan bíi 12,000 obìnrin ní Nàìjíríà ló ní àrùn yìí lọ́dún kan, tó sì pa nǹkan bíi 8,000. Ẹ pín in sí ọjọ́: ó lé ní ogún lójúmọ́. Àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú, tó dí ọ̀nà ẹyin, ńkọ́? Àwọn ọkùnrin tí àtọ̀ wọn kò ní agbára, tí wọn ò sì gbà kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ńkọ́? Ìwọ̀nyí ń sọ obìnrin di àgàn lóòótọ́ ní àdúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó ń fi ohùn wọn ránṣẹ́.

Àwọn míì bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n ń gún, ọmọ tí kò mọ ọkùnrin. Dẹ́ńmáàkì ti dáhùn èyí pẹ̀lú. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá kiri, ó sì yẹ kí odi ti wà kí olè tó dé. Nígbà tí wọ́n wo àwọn obìnrin tó lé ní 860,000 láti 2006 sí 2019, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ dín kù ní 86 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó lé ní ọmọ ọdún 16. Àwọn tó gbà á ní 17 sí 19, ó dín kù ní 68. Àwọn tó gbà á lẹ́yìn 20, wọn ò rí i kó dín kù láàárín ọdún tí wọ́n fi wò wọ́n.

Ní 2025 ni wọ́n tún gbé èyí tó yà mí lẹ́nu jáde. Irú HPV méjì ló ń fa jẹjẹrẹ yìí jù, 16 àti 18. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, wọ́n ń rí wọn lára obìnrin 15 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di 2021, lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ní kékeré, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Àwọn tí kò gbà á pàápàá jàǹfààní, torí kòkòrò náà kò rí ibi gbà kiri mọ́. Irú HPV mìíràn ṣì wà tí abẹ́rẹ́ kò bò, nítorí náà wọ́n ṣì ń ṣàyẹ̀wò fún àwọn obìnrin wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti ń fún àwọn ọmọkùnrin náà láti 2019.

Mo rán àbúrò mi létí nǹkan mìíràn. Ní 2003, Kano kọ oògùn rọpárọsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà: wọ́n ní yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọ sì rọ lẹ́sẹ̀. Ó di 2020 kí wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi àti òun wà lára àwọn tí wọ́n kán oògùn yẹn sí lẹ́nu, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, tí màmá wa di orí wa mú. Òun ti bímọ mẹ́ta.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé iléèwé ọmọ náà. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́? Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi?" Ó ti pé ọmọ ọdún 38. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ kò ní ṣe é ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àyẹ̀wò ló kù. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tí wọ́n tẹ̀ sínú omi kíkan kan ẹnu ilé ọmọ; ibi tó bá ní wàhálà á funfun lójú ẹsẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bi mí bóyá ó máa ń dunni. Mo ní ó máa ń ta díẹ̀, èmi náà ti ṣe é. Ó ní kí n bá òun lọ.